Bí Ẹ Bá Dé Salvador, Ẹ Jẹun Níta

Bí obìnrin tó ń din àkàrà ní ìlú Salvador bá bi yín pé gbígbóná lẹ fẹ́ ni àbí títutù, ẹ má yára dáhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná ló ń bi yín, ọ̀rọ̀ ata ni. Gbogbo àkàrà tó wà níwájú rẹ̀ ló gbóná, inú epo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kó wọn jáde. Èyí tí wọ́n bá fi ata sí ni wọ́n ń pè ní gbígbóná, èyí tí kò ní ata ni títutù. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ yóò rò pé àkàrà àná ni wọ́n fẹ́ tà fún òun, yóò sì pariwo pé gbígbóná lòun ń fẹ́. Ata kì í ṣe àjèjì sí wa, kò burú. Àmọ́ ata tiwọn, tí wọ́n fi epo pupa àti edé dín títí tó fi pọ́n dúdú, kì í ṣeré rárá. Ẹ ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i ná.

Salvador ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó, òun sì ni olú ìlú Bràsíl títí di 1763. Èbúté rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú sọ̀kalẹ̀ fún nǹkan bí 300 ọdún. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn wa wá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí ọkọ̀ ń kó débẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń po àkàrà, wọ́n mọ ohun tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan ń jẹ, wọ́n sì bá igi ọ̀pẹ níbẹ̀. Ohun tó jáde láti inú ìyẹn ni ìlú kan ń jẹ títí dòní.

Ìwé àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń darí àlejò sí ilé àrójẹ tó ní aṣọ tábìlì ná, wọn a wá fi àkàrà ojú pópó ṣe ìpápánu lẹ́yìn. Èmi á ní kí ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ jẹun lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó jókòó níta, kí ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ọjà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ jókòó nídìí tábìlì. Ojú pópó ni oúnjẹ yẹn ti dàgbà. Ilé àrójẹ ló lọ yá a lò.

Rio Vermelho ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò etí òkun ni, ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Nínú gbàgede tí wọ́n ń pè ní Largo de Santana ni àtẹ Dinha wà. Lindinalva de Assis lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló ti jogún ibẹ̀. Ó kú ní 2008, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà á ṣe, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti mọ́ ibẹ̀ lára débi pé Largo da Dinha ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pe gbàgede náà. Àtẹ Regina kò jìnnà sí tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé Largo da Mariquita, ẹ ó bá àtẹ Cira. Cira, Jaciara de Jesus Santos, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n iná ò kú nídìí agbada rẹ̀. Itapuã, lọ́nà jíjìn sí àárín ìlú, ni ojúkò rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àkàrà ta ló dùn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ará Salvador lè fi ìyẹn bá ara wọn jà bí ẹni ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Tèmi ni pé ti Cira ló fúyẹ́ jù, ti Itapuã ni mo sì fara mọ́, nítorí pé èrò ò pọ̀ tó ti Rio Vermelho, òkun sì wà níwájú. Ti Dinha ni kí ẹ lọ bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rí ìlú: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìlà gùn, àga oníke kún gbàgede, àwọn ọmọ ilé ọtí ń sáré kiri pẹ̀lú bíà tútù, kò sì sí ẹni tí ojú ń kán nínú gbogbo wọn. Ẹ má wá àkàrà níbẹ̀ láàárọ̀ o. Àwọn ò mọ àkàrà àti ògì òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ni alákàrà tó pọ̀ jù ń tẹ́ àtẹ.

Ẹ dúró wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó rà. Aṣọ funfun oníléèsì ló wọ̀, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀wà tó wà nínú ọpọ́n rẹ̀ ni ẹ̀wà funfun olójú dúdú tí a mọ̀, wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n ti bó o, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i. Kò sí ata nínú rẹ̀ bíi tiwa. Manuel Querino, ọmọ Bahia tí ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ wọn jáde ní 1928 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ pé orí òkúta ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà yìí. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì gba ti apá: obìnrin náà á gbé ìgbákọ onígi, á máa lù ú, á máa lù ú, títí ẹ̀wà yóò fi wú, tí yóò fi funfun. Epo pupa ló kún agbada, odindi àlùbọ́sà kan sì ń yí nínú rẹ̀. Ó fi ìgbákọ bu ẹ̀wà, ó fi ṣíbí kejì dán ẹ̀yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú epo. Níbòmíràn, ẹ ó rí i pé àwọn kéékèèké díẹ̀ ló kọ́kọ́ dín, kì í sì í tà wọ́n. Ti Èṣù nìyẹn, tàbí ti àwọn ìbejì. Títà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó máa fi lé yín lọ́wọ́ tó ìkúùkù ọkùnrin. Ó ti fi ọ̀bẹ là á láàárín, ó ti ki nǹkan bọ̀ ọ́. Vatapá ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí i: búrẹ́dì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fi oje àgbọn, ẹ̀pà, kajú, edé gbígbẹ àti epo pupa rò títí tó fi ki. Caruru tẹ̀ lé e, ìyẹn ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi edé àti epo sè. Lẹ́yìn náà ni tòmátò tútù tí wọ́n gé, edé gbígbẹ tòun ti èèpo rẹ̀, àti ata tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí àkàrà Òṣogbo yóò kọ́kọ́ yanu. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn wa ń ṣàríwísí pé wọ́n ti ba àkàrà jẹ́. Wọn ò bà á jẹ́. Oúnjẹ tó ti sọdá òkun, tó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn odi, ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ aṣọ tó wù ú. Ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe wà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ sì gba ìwé ìnuwọ́ tó pọ̀, nítorí epo á ṣàn dé ìgùnpá.

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá fẹ́ gbà mí gbọ́, abará ni kí ẹ rà ṣìkejì. Ẹ̀wà kan náà ni, epo àti edé ni wọ́n pò mọ́ ọn, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sè é. Mọ́ínmọ́ín elépo ni, kò sọnù lójú wa rárá. Àlejò kì í sábà bèèrè rẹ̀ nítorí kò dán lójú tó àkàrà, ó sì máa ń wà ní igun àtẹ níbi tí ojú kì í dé. Bí wọ́n bá tú ewé náà níwájú yín, òórùn rẹ̀ nìkan á sọ fún yín pé ẹ ò ṣìnà.

Ọya ló ni àkàrà ní Bahia bó ṣe ni ín nílé. Láyé ijọ́sí, àwọn obìnrin ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà ló ń gbé e lórí kiri ìlú lálẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi owó rẹ̀ tọ́jú ohun tí òrìṣà wọn ń béèrè. Ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn ní 2005, ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá sì ni ọjọ́ àjọ̀dún wọn. Ìjà ò tán síbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tó ń din àkàrà kan náà, nínú epo kan náà, tí wọ́n bọ́ gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní àkàrà Jésù. Ẹgbẹ́ àwọn alákàrà ò gbà fún wọn. Àwa tá a ti rí irú rẹ̀ nílé, ẹ̀rín la máa rín. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 sì ń bọ̀, ìlànà FIFA kò fẹ́ kí ẹni tó ń tajà lójú pópó sún mọ́ pápá ìṣeré Fonte Nova, níbi tí àwọn obìnrin yìí ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n yarí, wọ́n gba ìfọwọ́sí kiri, wọ́n wọ funfun wọn jáde síta gbangba. FIFA ló padà gbà, àkàrà wọ Fonte Nova.

Ọjọ́ kejì, kí ẹ jí lọ sí Feira de São Joaquim. Ọjà ńlá ni, ní ìsàlẹ̀ ìlú létí omi, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí erékùṣù Itaparica. Ọjà Água de Meninos ló wà ṣáájú rẹ̀. Iná jó ìyẹn ní 1964, àwọn ọlọ́jà sì ṣí wá síbi tó wà báyìí. Ẹ wọ bàtà tí ẹrẹ̀ ò ní bà lọ́kàn jẹ́. Ọ̀nà tóóró ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ bá sì ti wọlé, imú ló máa ṣamọ̀nà yín: epo pupa nínú ìgò àti kẹ̀ẹ̀gì, edé gbígbẹ tí wọ́n kó jọ bí òkìtì, ilá, ẹ̀pà, ewé oríṣiríṣi, ìkòkò amọ̀, adìyẹ àti ewúrẹ́ láàyè. Obì wà. Orógbó wà. Orúkọ tí à ń pè wọ́n náà ni wọ́n ń pè wọ́n, owó tí wọ́n ń bù lé wọn ló máa ya yín lẹ́nu.

Láàárín gbogbo ìyẹn ni àwọn búkà wà, ìjókòó pákó, àwo tó kún dẹ́nu. Feijoada wọn níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀wà dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Rio de Janeiro. Ẹ̀wà pupa rẹ́súrẹ́sú ni ará Bahia ń lò, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ ẹran gbígbẹ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Sarapatel wà, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ tètè bèèrè. Ẹ ó rí farofa lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀: gàrí tí kò kan, tí wọ́n fi epo pupa yan títí tó fi rí bí ìyẹ̀rẹ̀ wúrà. Wọ́n á bù ú wọ́n orí ohunkóhun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí ẹsẹ̀ màlúù àti ọbẹ̀ rẹ̀ ń pè lójú oorun, Mercado das Sete Portas ni tiwọn. Ibẹ̀ ni àwọn tó jó mọ́jú àti àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń pàdé nídìí àwo kan náà nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa.

Mercado Modelo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé àwọn aṣọ́bodè àtijọ́ ni, ẹ̀bùn fún àlejò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ jáde.

Ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda, tó ti wà láti 1873, ni yóò gbé yín láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí òkè. Lókè ni Pelourinho wà, àdúgbò ilé aláwọ̀ mèremère tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1985. Igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ni orúkọ yẹn, ó sì yẹ kí a rántí bí a ti ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ ló rọrùn jù láti jẹun burúkú ní gbogbo Salvador. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń na ìwé oúnjẹ sí yín ní èdè mẹ́ta, ẹ kí i, ẹ kọjá.

Ibi tí mo máa ní kí ẹ yà sí ni ilé àrójẹ SENAC ní Largo do Pelourinho, níbi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ ti ń sè. Wọ́n to oúnjẹ Bahia lọ bẹẹrẹbẹ, ẹ ó sì máa bu ohun tó bá wù yín. Kì í ṣe ibẹ̀ ni moqueca, ìyẹn ọbẹ̀ ẹja wọn, ti dùn jù, èmi ò ní purọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ó rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: efó, tó jẹ́ ẹ̀fọ́ wa tí wọ́n fi edé àti ẹ̀pà sè; xinxim, ìyẹn adìyẹ inú epo àti kajú; àti bobó, ìyẹn edé tútù nínú gbágùúdá tí wọ́n gún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé oúnjẹ Bahia wà nínú ilé kan náà. Ẹ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ lè mọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ feijoada ní Pelourinho, orúkọ kan ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ìlú: Alaíde do Feijão. Alaíde da Conceição lorúkọ rẹ̀ gan-an, ó kú ní 2022. Kì í ṣe ẹ̀wà nìkan ló sọ ilé àrójẹ rẹ̀ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, olórin, olóṣèlú àti ọ̀mọ̀wé ló máa ń kóra jọ sídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé ti gbọ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, O Cravinho wà ní Terreiro de Jesus, ilé ọtí tí wọ́n ti ń rẹ kànáfùrù, atalẹ̀ àti èso sínú ọtí ìrèké. Ife kékeré ni wọ́n fi ń tà á, ohun tó sì mú kó léwu nìyẹn.

Moqueca ńkọ́? Ẹja tàbí edé ni, pẹ̀lú tòmátò, àlùbọ́sà, oje àgbọn àti epo pupa, nínú ìkòkò amọ̀ tó ṣì ń hó nígbà tó dórí tábìlì. Ibi tí mo fẹ́ràn láti darí èèyàn sí ni RéRestaurante Dona Suzana, nínú àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó wà létí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Solar do Unhão. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Netflix gbé e jáde nínú ètò oúnjẹ ojú pópó ní 2020, láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wá ibẹ̀ láti ibi gbogbo. Ẹ má lọ bí ẹni tó ń kánjú. Ẹ pàṣẹ oúnjẹ, ẹ jókòó, ẹ máa wo omi. Fún ẹni tí owó rẹ̀ gbé e, Casa de Tereza wà ní Rio Vermelho. Paraíso Tropical sì wà ní Cabula, níbi tí Beto Pimentel ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyìn tútù àti èso inú ọgbà se moqueca, kò wuwo nínú bíi ti ẹlòmíràn. Ó jìnnà díẹ̀, àmọ́ ó tó ohun tí èèyàn ń rìn lọ jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, nítorí pé gbogbo ìlú ló ń jẹ oúnjẹ elépo lọ́jọ́ náà, títí dé ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́: caruru, vatapá, ẹja, ẹ̀wà elépo. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọjọ́ Ẹtì náà ni ọjọ́ Òṣàálá ní Bahia, òrìṣà tí kì í jẹ epo pupa. Ẹ ó rí èèyàn tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí bàbá, tí epo sì ń kán sí i láyà lọ́sàn-án gangan.

Èyí tó dùn jù, a kì í fi owó rà á. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião tí wọ́n fi ń bọ àwọn Ìbejì, ilé tó ní ẹ̀jẹ́ yóò se caruru rẹpẹtẹ. Ọmọdé méje ni yóò kọ́kọ́ jókòó yí àwo kan ká, wọn a sì fọwọ́ jẹ ẹ́, kí àgbà kankan tó tọ́ ọ wò. Bí ẹni kan bá pè yín, ẹ pa gbogbo ètò yòókù tì. Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ Ṣàngó. Ní àwọn ilé òrìṣà, bí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, àmàlà ni wọ́n ń sè fún un. Ẹ má retí èlùbọ́ o. Ilá ni, tí wọ́n fi epo, edé àti àlùbọ́sà sè, tí wọ́n dà sínú ọpọ́n igi. Ilé òrìṣà kì í ṣe búkà, nítorí náà ẹ má yọjú síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Bí wọ́n bá pè yín, aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyálórìṣà. Ìkíni yẹn, kò sí ẹni tó máa ní òun ò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Lẹ́yìn gbogbo epo yìí, ẹ lọ sí Ribeira, ní ìkángun ìlú lẹ́yìn ìjọ Bonfim. Sorveteria da Ribeira ti ń ta áísíkirímù níbẹ̀ láti 1931. Èso ilẹ̀ wọn ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ṣokoléètì sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀: mangaba, umbu, àgbọn, àti cajá, tó jẹ́ ìyeyè wa gan-an, èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣà lábẹ́ igi lóko, tí ẹnì kankan nílé ò tíì ronú àtisọ di áísíkirímù. Lọ́jọ́ Àìkú, ìdílé tòun tọmọ ló ń tò síbẹ̀, ìlà náà sì máa ń gùn; ẹ lọ lọ́jọ́ mìíràn bẹ́ẹ bá lè ṣe é. Ìyeyè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, torí òun ló ń tètè tán.